Ilẹ̀kùn Aláwẹ́ Méjì

Sọ́ńdè, 11 Ṣẹ́rẹ́

Mo dákú lónìí lórí pápá, lójú gbogbo ayé. Kí n yáa kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tó kọ tiwọn.

Àwọn àgbà àdúgbò wa ń bá àwọn àgbà Mushin gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀mì ni wọ́n ń ta, eré sì ti fẹ́ parí. Ọ̀jẹ̀túndé, tó máa ń tún ara mọ́tò tó bá forí gbá ṣe ní òpópó wa, ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa. Ó na ẹsẹ̀, ó sì gbé bàbá àgbà kan ṣánlẹ̀ níwájú àwọ̀n wa. Mo fun fèrè, mo nawọ́ sí ojú pẹnáritì. Àárín gbùngbùn pápá ni mo wà, níbi tí mo máa ń dúró sí láti èṣí, nítorí pé rẹfirí tó bá ti mọṣẹ́ kì í sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Ojú ló máa ń bá a sáré.

Ọ̀jẹ̀túndé ní n kò lè rí nǹkan kan láti ibi tí mo wà. Mo ní mo rí i. Ó bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Rẹfirí, Ọlọ́run ló máa dá ẹjọ́ yìí láàárín èmi àtẹ̀yin."

Mo sáré lọ bá a kí n fi ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ti bàbá yẹn hàn án. N kò dé ibẹ̀. Nígbà tí mo lajú, omi ti rin mí gbingbin, Ọ̀jẹ̀túndé wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sunkún, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ti gba ẹjọ́ náà padà lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Wọn ò gbá pẹnáritì náà.

Àtìní, 12 Ṣẹ́rẹ́

Àlejò láti àárọ̀. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà mi, kí wọ́n tó wá rọra béèrè bóyá pẹnáritì náà tọ́. Lémọ́ọ̀mù wa gan-an, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín bọ́ọ̀lù àti àgbọn, bi mí bóyá mo ní nǹkan tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì lé lórí.

Sàúdátù ìyàwó mi kò béèrè ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ó bi mí pé láti ìgbà wo ni mo ti ń dúró sí ojú kan náà lórí pápá. Mo ní ìmọ̀ iṣẹ́ ni. Ó ní ṣé ìmọ̀ iṣẹ́ náà ló ń gbé mi sùn lórí ìrọ̀rí mẹ́ta, ṣé òun náà ló sì ń mú mi dúró ní àárín àtẹ̀gùn ilé wa kí n máa wo ọmọńlé lára ògiri. Mo ní mo fẹ́ràn ọmọńlé. Ó ti bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò bi mí.

Àlàmísì, 15 Ṣẹ́rẹ́

Dókítà Máyọ̀kún ni orúkọ dókítà ọkàn náà. Ọmọdébìnrin ni, kò lè ju Aneesah ọmọ mi lọ. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé mi, ó di ojú bí ẹni ń gbọ́ wákà. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kí àwọn náà wá gbọ́. Wọ́n tò síwájú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí i kí wọ́n tò láti gbọ́ mi rí.

Ó bi mí bóyá ó máa ń rẹ̀ mí. Mo ní rárá. Sàúdátù sún àga rẹ̀ síwájú, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ bi."

Wọ́n bi í. Ó pẹ́ kí ó tó dákẹ́.

Àtàláátà, 20 Ṣẹ́rẹ́

Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn mi. Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà, ó ń ṣí, ó ń pa bí ẹnu ẹja.

Dókítà pè wá jókòó. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ obì? Ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde látinú ọkàn sí gbogbo ara, awẹ́ mẹ́ta ló máa ń ní, bí àbàtà aláwẹ́ mẹ́ta. Tiyín, gbànja ni. Awẹ́ méjì péré. Bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn."

Mo ní bí wọ́n bá bí mi bẹ́ẹ̀, tí mo sì ti fi sáré láti ìgbà èwe, kí ló wá dé báyìí? Ó ní awẹ́ méjì ti ń ṣe iṣẹ́ awẹ́ mẹ́ta láti gbogbo ọdún yìí wá, wọ́n ti gbó ṣáájú ọjọ́, wọ́n ti le bí ìkarahun ìgbín. Ihò tó kù tí ẹ̀jẹ̀ mi ń fún ara rẹ̀ gbà kò ju ìdí bírò lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣubú nígbà tí mo sáré.

Mo bi í pé bí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́. Ó kọ́kọ́ wo Sàúdátù kó tó wò mí.

"A ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, Bàbá. Ẹni tó bá ti dákú nítorí rẹ̀ kì í sábà pẹ́ mọ́."

À ń bọ̀ wálé, a dé Òjúẹ̀lẹ́gba. Ibẹ̀ ni Sàúdátù ti bi mí pé ẹ̀wà ni àbí iṣu ni màá jẹ. Mo ní méjèèjì.

Àlàárùbá, 21 Ṣẹ́rẹ́

Mo lọ sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi Sẹ̀kínátù ní ilé bàbá wa ní Mushin. Àṣìṣe ni. Ó ní ìyá wa kò bí ọmọ tí kò pé. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, òun fúnra òun ka ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì pé. Mo ní ọkàn kì í ṣe ìka. Ó ní ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Mo wá sọ èyí tó burú jù, pé Dókítà ní nǹkan yìí máa ń rìn nínú ìdílé, pé kí àwọn ọmọ mi àti ẹ̀gbọ́n mi wá ya àwòrán tiwọn. Ẹ̀gbọ́n dìde dúró. Ó ní ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni kò ní wo àyà òun, pé àyà tí òun fi gbé mi pọ̀n kọ́ ni wọ́n máa wá fi àbùkù kàn.

Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń pọnmọ, ṣùgbọ́n n kò já a nírọ́.

Sátidé, 24 Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ mú gan-an. Ètè mi ti là. Àlùbọ́sà ti tún wọ́n, Sàúdátù ń gé e bí ẹni ń gé wúrà. Mo gun àtẹ̀gùn lónìí láì dúró wo ọmọńlé, kí n lè fi han ara mi. Lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àlàárùbá, 28 Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, kí wọ́n la àyà mi, kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn tó bàjẹ́, kí wọ́n fi tuntun sí i. Dókítà ní bó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí mi kò tó báyìí, tí ẹ̀dọ̀fóró mi sì dára, ibẹ̀ ni òun ìbá gbà. Ṣùgbọ́n ikọ́ ife tó ṣe mí nígbà èwe ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi lápá kan. Ó ní wọ́n lè là mí tán kí n má jí.

Ọ̀nà kejì, kí wọ́n gba inú iṣan itan mi, kí wọ́n ti ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gòkè dé inú ọkàn, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tuntun sínú ti àtijọ́ bí ẹni ṣí agbòòrùn. Mo ní èyí ni mo fẹ́. Ó ní kí n ní sùúrù. Ilẹ̀kùn tuntun náà, róbótó ni wọ́n ṣe é, nítorí ẹnu ilẹ̀kùn aláwẹ́ mẹ́ta róbótó ni. Ẹnu tèmi gùn bí ẹyin. Ó lè máà jókòó dáadáa, ó lè máa jò létí, ó lè dí ọ̀nà iná tó ń mú ọkàn lù. Nítorí náà wọ́n ní láti wọ̀n mí dáadáa kí wọ́n tó mọ̀ bóyá yóò ṣeé ṣe.

Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ ńlá kan, wọ́n wọ̀n mí bí ẹni fẹ́ rán agbádá.

Sọ́ńdè, 1 Èrèlé

Ọ̀jẹ̀túndé wá kí mi, bó ṣe ń wá lójoojúmọ́ láti ọjọ́ náà. Ojú rẹ̀ ti rù. Ó ní àwọn èèyàn ti ń bẹ̀rù ẹnu òun. Oníbàárà tó máa ń pariwo lé òun lórí pé mọ́tò rẹ̀ kò tíì parí ti ń sọ pé kí òun má kánjú. Onílé òun ló kọ́kọ́ ń kí òun láàárọ̀. Ìyàwó òun kò bá òun jiyàn mọ́, ilé sì ti dákẹ́ jù.

Mo ṣàlàyé fún un pé inú oyún ni mo ti gbé àìsàn yìí wá, pé kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Mo ya gbànja àti àbàtà fún un sórí páálí. Ó wò ó títí. Ó mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Alájì, ṣé ó dá yín lójú pé kò sí tèmi níbẹ̀ rárá?"

Mo ní kò sí. Mo rí i pé ó dùn ún díẹ̀. Ó ní kí n ṣáà má tíì sọ fún onílé òun.

Àlàárùbá, 4 Èrèlé

Àwòrán ti jáde. Dókítà ní àwọn ti jókòó lé e lórí, ó le, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Àwọn ọmọ ti parí ọ̀rọ̀ owó láàárín ara wọn. Wọn ò sọ iye rẹ̀ fún mi. Aneesah ní ọkàn mi kò tíì lè gbà á.

Òun náà ti ya àwòrán tirẹ̀. Awẹ́ mẹ́ta pé pérépéré. Sàúdátù ní ìdílé tòun ló fà á.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ pé ara ẹran ni wọ́n ti ń mú ilẹ̀kùn tuntun náà, ó bá tẹ̀ lé wa lọ bá Dókítà, kì í ṣe láti yàwòrán o, láti béèrè ọ̀rọ̀ ni. Ó ní ṣé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Dókítà ní rárá, awọ tó bo ọkàn màlúù ni. Ẹ̀gbọ́n ní ó dáa. Ta ló dúńbú màlúù náà? Ṣé wọ́n dárúkọ Ọlọ́run?

Dókítà fi bírò sílẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, wọn ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ òun rí.

A gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Lémọ́ọ̀mù lọ. Ó ronú, ó ní ẹ̀mí ló ṣáájú, àti pé wọn kò ní kí n jẹ màlúù náà, wọ́n kàn ní kí n máa gbé e káàkiri.

Àtàláátà, 10 Èrèlé

Ọ̀la ni. Wọ́n ti fá irun itan mi. Mo wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti kọ ọ́.

Sàúdátù gé èékánná mi kó tó lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èékánná mi kò gùn. Kò wo ojú mi. Ó ní, "Bàbá Aneesah, ẹ má jẹ́ kí èmi nìkan máa sùn lórí ìrọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o." Mo ní kó má jẹ́ kí ọ̀kankan jáde kúrò nílé.

Jímọ̀, 13 Èrèlé

Mo wà láyé. Alihamdulilai.

Wọn kò kùn mí lóorun pátápátá. Wọ́n gún itan mi lábẹ́rẹ́ kó lè kú tipiri, wọ́n sì fún mi ní nǹkan tó mú kí gbogbo ọ̀rọ̀ dùn mọ́ mi. Mo rántí iná funfun, mo rántí ohùn Dókítà Máyọ̀kún tó ń pàṣẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì bá a jiyàn. Ó wù mí. Mo rántí pé ó ní kí wọ́n mú ọkàn sáré, àyà mi bá gbọ̀n bí ẹ̀rọ ìlọta, ó sì dàbí pé ayé fẹ́ ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀. Dókítà gbé ẹnu sún mọ́ etí mi, ó ní, "Bàbá, ó ti jókòó."

Àwọn nọ́ọ̀sì ní mo fún ọkùnrin tó di apá mi mú ní káàdì yẹ́lò lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní kó bọ́ síta. N kò rántí. Bó bá jẹ́ pé mo ṣe é, ó ní ìdí.

Ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù lọ́ra bí ẹni tó gbàgbé ohun tó ń ṣe. Wọ́n fi wáyà kan sílẹ̀ nínú mi tó ń rán an létí. Dókítà ní bí kò bá bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, àwọn máa ri ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ abẹ́ awọ àyà mi, títí ayé. Sàúdátù kò kúrò lórí àga oníke ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó ń ka tẹ̀sùbáà. Bí mo bá lajú, ojú rẹ̀ wà lára ìlà aláwọ̀ ewé tó ń fò lójú ẹ̀rọ, bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná.

Àárọ̀ yìí ni ọkàn náà rántí ara rẹ̀. Wọ́n yọ wáyà. Sàúdátù kó tẹ̀sùbáà rẹ̀ sápò. Ó gbé orí lé etí ibùsùn, ó sì sùn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ń hanrun.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì ń jò létí ilẹ̀kùn náà, nítorí ẹnu tèmi tí kò rí róbótó. Ó ní kò tó nǹkan, àwọn á máa ṣọ́ ọ. Mo ní kó má dààmú, Mushin ni wọ́n bí mi sí, n kò gbé abẹ́ òrùlé tí kì í jò rí.

Àtàláátà, 17 Èrèlé

Ilé. Mo gun àtẹ̀gùn. Mo dé òkè. Mo dúró de ìmí, ó ti wà lọ́dọ̀ mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gùn ún. Sàúdátù ní bí mo bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, òun á pe Dókítà.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Wọ́n ti ní n kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Àlàárùbá, 25 Èrèlé

Ìtìjú ni kí àgbàlagbà máa jẹ ògì lọ́sàn-án ààwẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Ọ̀jẹ̀túndé, tí í ṣe onígbàgbọ́, wá bá mi jẹ ẹ́ kí ojú má baà tì mí. Ó jẹ jù mí lọ.

Àtàláátà, 3 Ẹrẹ́nà

A lọ ṣínu lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ní Mushin. Mo gun àtẹ̀gùn ilé bàbá wa tààrà dé òkè, mo sì yíjú padà kí n rí i bóyá Ẹ̀gbọ́n ń wò mí. Ó ṣì wà ní àárín àtẹ̀gùn. Ó di irin mú, ó ń kí ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ pé ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, àwọn ọmọ ńkọ́.

Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ayálégbé náà.

Mo mọ ìdúró yẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ̀ ń kí?"

Kò tètè dáhùn, nítorí kò rí ìmí tó máa fi dáhùn. Nígbà tó rí i, ó ní kí n má sọ fún ìyàwó mi. Mo sọ fún ìyàwó mi.

Àtìní, 9 Ẹrẹ́nà

Sàúdátù ló mú un lọ. N kò mọ ohun tó sọ fún un, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n wọ lẹ́ẹ̀sì lọ síwájú ẹ̀rọ.

Gbànja ni.

Tirẹ̀ kò tíì le tó tèmi. Dókítà ní oògùn àti ìṣọ́ra ló kàn, àwọn á tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ọdún tó parí, bóyá òun náà á gba itan. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ bi í bóyá tòun dára ju tèmi lọ. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wò mí.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà béèrè irú ikú tó pa àwọn òbí wa. Mo ní ogbó ló pa bàbá wa. Ìyá wa gbé korobá omi bọ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ, ó ṣubú lẹ́yìnkùlé, kò sì dìde mọ́. Irun rẹ̀ kò tíì funfun. N kò sọ èyí tó kù, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nílé wa: pé ìyá wa àti Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì bàbá wa, jà láàárọ̀ ọjọ́ náà nítorí okùn ìsáṣọ, pé Ìyá Kékeré sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Kí a tó ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ti kó ẹrù Ìyá Kékeré sí ìta. Ẹ̀gbọ́n ló gbé àpótí àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n fa lẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wálẹ̀ lórí eékún. Ó ní, "Dókítà, ṣé ilẹ̀kùn yìí lè pa èèyàn lójijì, kó má jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan sí i?"

Dókítà ní òun kò lè búra lórí ẹni tí òun kò yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ó máa ń wá láti ọ̀dọ̀ òbí, bó sì ṣe máa ń pa èèyàn nìyẹn.

A kọjá Yaba, Ẹ̀gbọ́n bá yíjú sí mi. Ó ní, "Ṣé Ìyá Kékeré ṣì wà láyé?"

Sátidé, 21 Ẹrẹ́nà

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la ni mo rí ẹni tó mọ ibi tí Ìyá Kékeré wà. Ìwáyà ló wà, lọ́dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀, nínú ilé kan tí èéfín ẹja ti kùn ní dúdú. Àná ni a kírun ọdún, òní ni a lọ. Sàúdátù gbé oúnjẹ, èmi gbé aṣọ, Ẹ̀gbọ́n kò gbé nǹkan kan.

Ìyá Kékeré jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa edé. Ó ti di kékeré lóòótọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Sẹ̀kínátù, o ti sanra."

Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ obì, ṣùgbọ́n ó pe ti àbàtà ní gbànja, ó pe ti gbànja ní àbàtà. Mo fẹ́ tún un ṣe, ó ní kí n panu mọ́. Ó sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn inú ọkàn, ó sọ tèmi, ó sọ tirẹ̀, ó wá sọ ti ìyá wa. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin rárá. Ẹ forí jì wá."

Ìyá Kékeré fi edé sílẹ̀. 

"Èmi náà gbà pé èmi ni," ló sọ. "Mo bú u láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní kó lọ wábi kú sí. Láti ìgbà náà, n kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rù ẹnu mi bà mí. Kódà ọkọ tí mo fẹ́ lẹ́yìn bàbá yín, n kò bú u, bẹ́ẹ̀ èébú tọ́ sí i."

Sàúdátù ń nu ojú. Èmi náà ń wo ibòmíràn.

Ìyá Kékeré bi Ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó dá a lójú. Ẹ̀gbọ́n ní ó dá òun lójú. Ó yíjú sí mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó gbá edé kúrò lára ìró rẹ̀, ó tún ìdí jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú Ẹ̀gbọ́n.

N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo sì ti ṣe rẹfirí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àpótí tí wọ́n gbé síta nínú òjò. Ó bọ́ sórí ìkòkò rẹ̀ tó fọ́, ó bọ́ sórí imú Ẹ̀gbọ́n, ó bọ́ sórí bàbá wa tí kò sọ̀rọ̀, ó padà sórí imú. Àwọn ará ilé yọjú. Ọmọ ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní òun kò mọ̀ pé Ìyá àgbà mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, bí Ìyá Kékeré bá sì ti dúró mí, yóò ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún wa, kí wọ́n sì ṣí oúnjẹ tí a gbé wá, ebi ti ń pa òun.